Bí mo ṣe ka ewì Dryden tán: Bíbélì ni mo kọ́kọ́ ṣí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ewì tó ń na olóṣèlú lẹ́gba ọ̀rọ̀, ẹ wá ka Absalom and Achitophel tí John Dryden, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1681, ó lé ní 1,000 ìlà, mo ti kà á tán, ó sì dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n téèyàn ò bá mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, kò lè gbádùn ẹ̀.

Sámúẹ́lì Kejì ni mo kọ́kọ́ kà, orí 13 dé 18, ibi tí Ábúsálómù ti dìtẹ̀ mọ́ Dáfídì bàbá ẹ̀ tí Áhítófẹ́lì sì ń gbà á nímọ̀ràn burúkú. Mo wá la ojú ewé jọ́tà mi sí méjì, orúkọ inú Bíbélì lápá kan, ẹni tí Dryden ń bá wí lápá kejì. Dáfídì ni Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bímọ síta rẹpẹtẹ ṣùgbọ́n tí olorì ò bímọ kankan fún un. Ábúsálómù ni Duke of Monmouth, ọmọ àlè ọba. Áhítófẹ́lì ni Earl of Shaftesbury, tí ò fẹ́ kí James àbúrò ọba gorí oyè torí pé Kátólíìkì ni. Kórà ni Titus Oates, tó parọ́ pé àwọn Kátólíìkì fẹ́ pa ọba, irọ́ yẹn sì gbẹ̀mí aláìṣẹ̀. Akéwì ọba ni Dryden sha, ẹ̀yìn ọba ló wà.

Mo wá ń kà á sókè, ìlà méjì-méjì, torí méjì-méjì ni wọ́n ń dún bára wọn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Símírì, mo dúró, mo tún un kà. Duke of Buckingham nìyẹn, òun ló fi Dryden ṣe yẹ̀yẹ́ nínú eré orí ìtàgé ní 1671. Dryden ò pè é lólè, kò pè é lápànìyàn, ó kàn ní láàárín oṣù kan ṣoṣo ó ti po kẹ́míkà, ó ti ta gòjé, ó ti ṣe òṣèlú, ó ti di aláwàdà, aláwàdà yẹn ló fi kádìí ìlà náà, ó parí! Ní 1693 Dryden fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé Símírì yìí nìkan tó gbogbo ewì náà, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìparí ẹ̀ dáadáa. Nínú Bíbélì, Ábúsálómù kú sórí igi, ṣùgbọ́n Dryden ò pa á, ọba ṣì fẹ́ràn ọmọ ẹ̀, ta ló máa dán an wò? Ìgbà tí Charles kú tí Monmouth gbógun ti James ni wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí, ní 1685.

Apá kejì wà o, 1682, akéwì mìíràn, Nahum Tate, ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí Dryden ti dojú ọ̀rọ̀ kọ Shadwell àti Settle, àwọn akéwì tó ń bá a fà á, nìkan ni mo kà, ìyẹn ti tó mi.