Álààmù iná tó ń ké láìsí iná: bẹ́ ẹ ṣe lè dín wàhálà ẹ̀ kù

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ̀ ń gbé fúláàtì ní London, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Òróró gbóná tán, ẹ da ata sí i báyìí, gbogbo ilé ń wúkọ́, kẹ́ ẹ tó yíjú padà, píí píí píí, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á gun àga lọ fi náílọ́ọ̀nù wé e, ẹlòmíì á kúkú yọ bátìrì ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́, torí tí iná gidi bá sọ lóru, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti dì í lẹ́nu.

Ibi tí wọ́n gbé e sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Álààmù tó ń gbọ́ èéfín ò yẹ kó wà nínú kíṣìnì rárá, èyí tó ń gbọ́ ooru ló yẹ ibẹ̀, ìyẹn ò ráyè èéfín, àfi tí ooru bá tó bíi 58°C kó tó ké. Ti kọ́rídọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí kúkà tó bíi mítà 3. Irú èyí tẹ́ ẹ ní náà tún ṣe pàtàkì: èyí tí wọ́n ń pè ní ionisation, búrẹ́dì jóná díẹ̀ báyìí ó ti figbe ta, optical tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wá èéfín ní sùúrù díẹ̀ fún oúnjẹ, àmọ́ èéfín omi gbígbóná láti bátírúùmù àti eruku máa ń tàn án jẹ. Torí náà ẹ máa fi fákúùmù fa ara ẹ̀, aláǹtakùn gan-an máa ń wọ ibẹ̀ (mo bá ọ̀kan nínú tèmi, ó ti ta òwú kiri bí onílé).

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín ata, ẹ ṣí wíńdò, ẹ tan fáànù, kẹ́ ẹ wá ti ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń ṣí ilẹ̀kùn pé kí èéfín lè jáde, ibo ló ń lọ? Ọ̀dọ̀ álààmù náà ni! Èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn àbájáde sí kọ́rídọ̀ tí gbogbo fúláàtì jọ ń lò, tí ibẹ̀ bá ní álààmù tiẹ̀, gbogbo ilé á sá bọ́ sísàlẹ̀ tàwọn ti aṣọ ìsùn nínú òtútù, wọ́n á wá máa gbóòórùn ata lára yín.

Tó bá sì ké, ẹ rí i dájú pé kò síná, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tó ń pa á lẹ́nu mọ́ fún bíi ìṣẹ́jú 10, òun fúnra ẹ̀ á jí padà.

Èyí tó kàn ń ké píp lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóru ńkọ́? Bátìrì ló ń kú lọ, òtútù òru ló sì ń jẹ́ kó tètè hàn. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí kò bá dákẹ́, ẹ wo déètì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tó bá ti lé lọ́dún 10, ẹ ra òmíì. Bátìrì mẹ́ta ni mo rà kí n tó yẹ ẹ̀yìn tèmi wò, 2009 ni mo bá níbẹ̀.