Bí mo ṣe ríṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ógbómọ̀ṣọ́ láìjẹ́ ọmọ ibẹ̀

Kò sí ọ́fíìsì tí mo wọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí wọn kò béèrè ẹni tó mọ̀ mí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè ló yàtọ̀. Ẹnì kan á ní, "Agboolé wo lẹ ti wá?" Òmíràn á wo ibi tí mo kọ Ọ̀wọ̀ sí nínú sífíì mi, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọ̀nà yín jìn o." Àwọn tí kò fẹ́ fọ̀rọ̀ pamọ́ ló ní, "Ta ló máa dúró fún yín níbí?" Ọkọ mi ló ríṣẹ́ sí LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú yìí, tá a fi kó wá. Èmi ní HND nínú iṣẹ́ akọ̀wé láti Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan l'Ákùúrẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó gbé mi kúrò níbẹ̀. Ìwé pé. Ẹni tó máa sọ pé òun mọ̀ mí ni kò sí. Ọkọ mi ò sì lè ṣe é, torí àlejò lòun náà, wọn kì í sì í gba ọkọ ní onídùúró fún ìyàwó.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì wà nílùú yìí, àmọ́ kò wà lójú kan. LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 ló tóbi jù, láti 2020 sì ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ti ń dá gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti LAUTECH wà, ti Bowen náà wà, èyí tó hù jáde láti inú iṣẹ́ ìṣègùn táwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ló dàgbà ju gbogbo wọn lọ. 1898 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fi sẹkiteríàtì ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn báǹkì agbègbè Takié kún un. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ló kan àwọn kéékèèké tó pọ̀ rẹpẹtẹ: iléèwé aládàáni, kíníìkì, ọ́fíìsì lọ́yà, ilé tó ń yáni lówó, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Àwọn ńlá ni mo kọ́kọ́ gbé lẹ́tà lọ. Ẹ̀dà méjì ni mo máa ń mú dání. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sórí èkejì, màá sì mú un padà sílé. Tí ẹ bá lọ béèrè lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, òǹtẹ̀ yẹn lẹ máa fi hàn wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò pè mí níbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní tiẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kéde, kò ṣe é fẹsẹ̀ rìn lọ bá, mo bá fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà ìkéde.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀nà ti là, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àwọn kan tó ń da olùwáṣẹ́ láàmú. Tí nọ́ńbà fóònù yín bá ti wà lára sífíì tó ń káàkiri ìlú, àtẹ̀jíṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pé wọ́n pè yín fún ìntáfíù, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ múra dáadáa, kí ẹ má pẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ ò kọ̀wé síbẹ̀ rí. Mo lọ sí ọ̀kan láti fojú ara mi rí i. Gbọ̀ngàn ni wọ́n kó wa sí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ kóòtù, wọ́n so táì mọ́rùn nínú ooru, ọ̀gbẹ́ni kan sì ń fi fọ́tò ọkọ̀ bọ̀gìnnì hàn wá lára ògiri. Nígbà tó pẹ́ tó yá, a wá gbọ́ pé a máa ra àpótí oògùn kan kí a tó lè bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà a máa lọ fa ẹlòmíì wọlé. Mo gbé báàgì mi. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ mú owó wá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjà ni wọ́n ń tà fún yín.

Iléèwé aládàáni kan tiẹ̀ fẹ́ gbà mí. Wọ́n ní akọ̀wé làwọn ń wá. Ìgbà tá a jókòó sọ̀rọ̀ ni mo rí i pé akọ̀wé yìí á tún máa kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní kọ̀ǹpútà, á máa gba owó iléèwé, á sì máa dúró ti àwọn ọmọ tí òbí wọn bá pẹ́ kó tó wá mú wọn nírọ̀lẹ́. Owó tí wọ́n dá lé e kò tó ìdajì ₦70,000 tí òfin 2024 sọ pé ó kéré jù kí òṣìṣẹ́ gbà lóṣù. Ìjọba Ọ̀yọ́ tiẹ̀ gbà láti máa san ₦80,000 fún òṣìṣẹ́ tiwọn. Mo rọra sọ ọ́. Ọ̀gá iléèwé dá mi lóhùn pé òfin yẹn ò kan àwọn, wọn ò sì parọ́: ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá pé 25 ò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì tó pọ̀ jù l'Ógbómọ̀ṣọ́ ò sì ju elénìyàn márùn-ún mẹ́fà lọ, nítorí náà ohun tí ẹ bá bá ọ̀gá fẹnu kò lé lórí lẹ máa gbà. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, owó iléèwé tí mo máa máa gbà lọ́wọ́ òbí ló lé mi sá ju owó oṣù lọ. Tí owó bá dín lọ́wọ́ àlejò tí kò ní ẹbí nílùú, ta ló máa gbà á gbọ́?

Ìyá onílé wa ló là mí lọ́yẹ̀. Ìyàwó Tísà ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó Tísà, lọ jókòó síbi tí aráyé á ti máa rí ẹ. Inú ilé tó o wà yìí, èmi nìkan ni mò ń rí ẹ." Mo bá lọ sí Under-G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, mo sì bá ẹ̀gbọ́n kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Àsìkò tí àwọn ọlọ́dún ìkẹyìn ń sáré parí iṣẹ́ ìwádìí wọn ni, ìwé pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Iye ojú ìwé tí mo bá tẹ̀ ni wọ́n máa fi sanwó fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kó má lọ nígbà ìsinmi iléèwé, torí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kó lọ, Under-G á pa lọ́lọ́, ọlọ́ṣọ́ọ̀bù pàápàá á máa wá ẹni tó máa bá òun ṣeré ayò.

Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Èèyàn ló pọ̀. Iná ìjọba ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kékeré ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn sì ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sá wá. Wọ́n ń gbé ìwé ètò ìsìnkú wá, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, ìwé ìbúra láti ọ́fíìsì lọ́yà, èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé. Láàárín àsìkò díẹ̀, mo ti mọ ọ́fíìsì tí ọ̀gá rẹ̀ ń sanwó lásìkò àti èyí tí akọ̀wé wọn ń ráhùn lójoojúmọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sí. Mo kó sífíì mi sábẹ́ káńtà. N kì í nà án sí ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó bá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi tó ní, "Ibo lẹ ti kọ́ṣẹ́ yìí?"

Ìjọ náà ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, mo sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ fíkà wa ní Ọ̀wọ̀ kí n tó kúrò. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wọ̀, torí àwọn ló máa ń pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ fún ìdánrawò, ẹni tó bá sì pa á jẹ, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ẹni tó kàn ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń jókòó sẹ́yìn lè ṣe ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí kan tá a jọ ń gbélé sọ fún mi pé àsálátù ló ṣe irú rẹ̀ fún òun nígbà tóun dé láti Ìlọrin.

Akọ̀wé ọ́fíìsì lọ́yà kan ló ń bọ̀ wá tẹ ìwé ìbúra lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan ó ní ẹni tó ń bá wọn tẹ̀wé ti ń lọ bá ọkọ rẹ̀ n'Íbàdàn, ó sì mú sífíì mi lọ. Obìnrin ni ọ̀gá ibẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kò bi mí ní ìbéèrè inú ìwé kankan. Ó na ìwé àdéhùn ilẹ̀ kan sí mi, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo rí orúkọ ìdílé kan níbẹ̀ tó ṣe é kà ní oríṣi méjì, torí ọwọ́ tó kọ ọ́ ò dára. N kì í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, n ò lè mọ èyí tó jẹ́ ìdílé gidi. Mo dìde, mo lọ béèrè. Ọ̀gá wò mí, ó ní àwọn tó wá ṣáájú mi ti mú èyí tó wù wọ́n, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ní tí gbogbo ẹbí bá ti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kíkó wọn jọ lẹ́ẹ̀kan sí i láti tún un ṣe ju iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ, àgàgà tí bàbá àgbà kan bá ti kú láàárín. Mo gbọ́ ọ gan-an.

Wọ́n wá fún mi ní fọ́ọ̀mù onídùúró méjì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ máa gbé Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí mi, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ẹni tó ní ilé ara rẹ̀, á lẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mọ́ ọn, á fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ sí i, ọ́fíìsì á sì rán èèyàn lọ wo ilé rẹ̀. Ẹ̀rù irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ba àwọn èèyàn, n ò sì dá wọn lẹ́bi. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa ẹni tí ọlọ́pàá wá gbé nítorí ọmọ tó dúró fún ti sá lọ?

Mo ka fọ́ọ̀mù náà délẹ̀ kí n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ìlà kan wà níbẹ̀ pé onídùúró á san gbogbo owó tàbí dúkìá tó bá sọnù, láìní òdiwọ̀n. Mo padà lọ bá ọ̀gá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè kọ iye kan síbẹ̀? Ẹni tó bá ka èyí ò ní fọwọ́ sí i fún àlejò." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti ń ṣe lọ́yà kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fagi lé ìlà náà, ó fi owó oṣù mélòó kan dí i. Ó tún ṣàlàyé pé òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹni tí wọ́n fura sí. Gbèsè ni onídùúró jẹ, iye tó fọwọ́ sí nìkan sì ni. Àlàyé yẹn ni mo gbé lọ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.

Bàbá onílé wa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n tún padà sókè.

"Níbi iṣẹ́ yìí, owó lo máa dì mú àbí ìwé?"

"Ìwé ni, Bàbá. Owó oníbàárà, ọwọ́ ọ̀gá ló ń lọ."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ti kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì nìkan ni, sà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà bàbá mi. Ojú mi níbẹ̀ ni wọ́n ṣe pe bàbá mi ní Ọ̀wọ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì rí ara wọn rí. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n bèèrè òjò, wọ́n bèèrè kòkó, wọ́n bèèrè ìlera ìyàwó ilé, kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí bàbá mi sọ fún wọn, n ò gbọ́ ọ. Bàbá onílé kàn ń sọ pé, "Ó dáa, ó dáa, mo gbọ́ yín." Nígbà tí wọ́n pa fóònù, wọ́n ní kí n bá àwọn mú bírò wá.

Ẹnì kejì ni ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkiteríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Òun ò pe Ọ̀wọ̀ ní tiẹ̀. Ó lọ sí Under-G lọ bi ẹ̀gbọ́n oníṣọ́ọ̀bù léèrè irú ẹni tí mo jẹ́, kò sì sọ fún mi pé òun lọ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àdéhùn ẹnu ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo bèèrè ìwé. Òfin iṣẹ́ ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́, owó oṣù, wákàtí àti ìsinmi, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì lọ́yà ni, wọn ò lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Mo gba tèmi, kódà èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Owó oṣù náà ò tó ti ìjọba, ó ju ti iléèwé yẹn lọ dáadáa, ọjọ́ Sátidé sì jẹ́ tèmi. Ó ku owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2014 fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, àwa ò sì tó bẹ́ẹ̀. Mo bi ọ̀gá bóyá wọ́n lè ṣe é fún wa bó ti wù kó rí. Wọ́n ní ká jẹ́ kí ọdún tuntun wọlé ná. Èmi ni mò ń kọ dáyárì wọn, mo ti kọ ọ́ sí ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní.