Kí Ọ̀rọ̀ Ilé Yín Wọ Ìwé: Ìtọ́sọ́nà fún Ìpàdé Ilẹ̀ àti Ilé ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin

Tí agogo bá ti ń ró káàkiri àdúgbò nírọ̀lẹ́ pé ìpàdé ń bẹ lọ́la nílé délégé, ìyẹn olórí abúlé tàbí àdúgbò, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ: "Wọ́n á ti parí ẹ̀ kí wọ́n tó pè wá." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí títì bá máa gba oko kan kọjá, oko ẹni tí kò sí níjókòó ló máa ń yá wọn lára jù.

Ohun tó ń fa ariwo jù ni lotissement, ìyẹn pípín ilẹ̀ ní pásẹ́ẹ̀lì. Ìlú ń fẹ̀ wọ inú oko. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ á dé, wọ́n á ri òpó símẹ́ńtì kúkúrú mọ́lẹ̀, wọ́n á la títì, wọ́n á yọ ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ọjà sọ́tọ̀. Èyí tó bá kù ni wọ́n ń pín padà fún onílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tó padà sọ́wọ́ ẹbí kì í fi í tó èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Iye tí wọ́n máa yọ, ibi tí títì máa gbà, orúkọ ẹni tó máa wà lórí ìwé, inú ìpàdé la ti ń bèèrè rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó rí òpó láàárín àgbàdo rẹ̀ ti pẹ́.

Òfin ilẹ̀ wà. Òfin 2013-01, ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ló ní kí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wà ní abúlé (SVGF) àti ní kọmúùnù (CoGeF). Ẹ béèrè àwọn tó wà nínú ti abúlé yín. Titre foncier ni ìwé tó fìdí ẹni múlẹ̀ bí onílẹ̀. Convention tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín, ìwé ìtà lásán ni. Fún ilẹ̀ baba ńlá tí kò níwèé rárá, attestation de détention coutumière, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ọwọ́ yín ni ilẹ̀ náà wà nípa àṣà, ni kí ẹ béèrè. Ẹ̀rí àwọn tí ẹ jọ pààlà sì ṣe pàtàkì níbẹ̀, nítorí náà ẹ má bá wọn jà lóṣù tí ẹ fẹ́ wá ẹ̀rí.

Ẹ̀yin ìyá wa, òfin ẹbí ti 2004 fi ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sí ipò kan náà nínú ogún. Mo mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbo ilé. Ẹ lọ fúnra yín.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, kí gbogbo ilé jókòó, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tí ẹnì kan bá kó ọ̀rọ̀ márùn-ún wá, akọ̀wé kò ní í kọ ọ̀kan. Kí ìwọ̀n sì wà nínú rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mélòó, ìgbà mélòó lọ́dún, ilé mélòó ló kàn.

Ní ìpàdé kan lápá Idigny, ìyá kan tó ń yan gàrí dìde. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ti ní omi ń da àwọn láàmú, gbogbo èèyàn sì mi orí. Òun gbé ọ̀pá kan sílẹ̀ níwájú délégé. Ó ti fi ọ̀bẹ gé e níbi mẹ́ta: ibi tí àgbàrá dé lára ògiri alámọ̀ rẹ̀ nínú oṣù karùn-ún, ibi tó dé nínú oṣù kẹfà, àti ibi tí ògiri ti là. Bàbá kan mú ọ̀pá náà, ó gbé e ti ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àmì tòkè kọjá orúnkún. Ìyá náà ní, "Gọ́tà kan láti ẹ̀yìn ilé mi dé títì. Ogójì ìṣísẹ̀ ni mo kà." Akọ̀wé kọ ogójì sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dá náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin ò ní í wà níbẹ̀. Tó bá bọ́ sí àsìkò tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ tí gbogbo oko ń gbin àgbàdo, àwọn tó ń mu ọtí lábẹ́ igi nìkan ló máa dá sí i. Ẹ rán ẹni méjì sí délégé kí wọ́n sún un. Ìrọ̀lẹ́ dára, bí kì í bá ṣe ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Níbi ìpàdé

Ẹ kí àgbà, ẹ jókòó síbi tí akọ̀wé á ti gbọ́ yín. Ọ̀dọ́ tó bá ní ọ̀rọ̀, kí ó tọrọ ààyè, kí ó sì sọ ọ́.

Faransé ni wọ́n sábà fi ń kọ ìwé ìpàdé. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹ sọ pé: "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wa ní Yorùbá." Kì í ṣe àrífín. Tí àwọn Fọ̀n bá wà láàárín yín, kí wọ́n túmọ̀ fún àwọn náà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bí ogójì bá ti di mẹ́rìnlá.

Ẹ ṣọ́ra fún lísìtì tí wọ́n ń gbé kiri fún ìfọwọ́sí. Kí ọmọ tó mọ̀wé ka orí ìwé náà kí ẹ tó tẹ̀ka: ṣé "a wá" ló wà níbẹ̀, àbí "a gbà"? Mi ò bá ẹni tó wá nítorí ọtí dídùn jà, ṣùgbọ́n kí ó mu tán kí ó tó tẹ̀ka.

Lẹ́yìn ìpàdé

Kí ẹni mẹ́ta, ó kéré tán obìnrin kan, lọ sí méérì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ mú un dání; akọ̀wé á tètè rí ojú ewé náà.