Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ní "Ìfẹ́ Tìrẹ Ni Kí Ó Ṣẹ"

Ní Abẹ́òkúta níbí, láti Aké dé Ìbarà dé Aṣèrò, ìpàdé àdúrà wo lèèyàn máa lọ tí kò ní gbọ́ "Olúwa, ìfẹ́ tìrẹ ni kí ó ṣẹ"? Kò ṣòro fún ẹnu láti sọ. Bí a ṣe ń ṣe é gan-an ni wàhálà wà.

Má parí ìpinnu rẹ kó o tó kúnlẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló burú jù. Ẹnì kan ti sanwó ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀, ó ti kó ọjà sílẹ̀, ó ti sọ fún gbogbo ẹbí, ìgbà náà ló wá ń gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run fi ọ̀nà han òun. Ọ̀nà wo ló kù? Ó dà bí ẹni tó kọ ìwé tán, tó gbé e fún ọ̀gá kó ṣáà buwọ́ lù ú. Ẹ ka Jeremáyà orí 42. Jóhánánì, olórí ogun Júdà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ wòlíì Jeremáyà pé kó bá àwọn béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Wọ́n búra pé ìbáà dára, ìbáà burú, àwọn á gbọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, èsì dé: ẹ dúró ní Júdà, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Ni wọ́n bá ní irọ́ ni wòlíì ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìparí orí 41: kí wọ́n tó pe Jeremáyà rárá ni wọ́n ti pàgọ́ sí ẹ̀bá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí wọ́n dojú kọ ọ̀nà Íjíbítì. Àdúrà ti pẹ́ jù. Gbé ọ̀rọ̀ náà wá kó o tó san àsansílẹ̀.

Má sì ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan. Ní Gẹtisémánì, Jésù kọ́kọ́ sọ ohun tó wù ú: kí ago náà ré òun kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gba àdúrà náà. Nítorí náà, ẹ yéé sọ fún ọlọ́fọ̀ pé kó má sunkún torí "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe". Jésù náà sunkún níbi ibojì Lásárù.

Má sọ ọ̀lẹ di ìgbọràn. Àwọn kan á jókòó sílé láìwá iṣẹ́, wọ́n á ní àwọn ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Henry Townsend àti Àjàyí Crowther dé Badagry ní 1845, Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ń bọ̀. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó fẹ́ gbà wọ́n, kú, ọ̀nà ò sì ṣeé gbà. Wọn ò fipá ṣí i, wọn ò sì káwọ́ gbera: wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọdé níwèé ní Badagry títí di 1846 tí ọ̀nà là. Ọdún yẹn gan-an ni Crowther rí ìyá rẹ̀ níbí, lẹ́yìn bí ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn gbé ìfẹ́ ara rẹ̀ fún èèyàn bíi tiẹ̀, kó pè é ní ti Ọlọ́run. Wòlíì ní kó má fẹ́ ẹ, ó jáwọ́. Wòlíì ní kó ta ilẹ̀, ó tà á. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 13, wòlíì àgbà ló purọ́ fún èèyàn Ọlọ́run, kìnnìún sì pa ẹni tó gbọ́ irọ́ náà. Obìnrin tí ọkọ ń lù ńkọ́? Wọ́n á ní kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó fara dà á fún Olúwa. Rárá o! Ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run. Kó kúrò níbẹ̀, kó wá ààbò.

Ó ku ẹni tó rò pé ọjọ́ tí òun jáde síwájú pẹpẹ ti parí ọ̀rọ̀. Lúùkù 9:23 ní "lójoojúmọ́". Oníṣòwò àdìrẹ tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, bí oníbàárà bá ṣi owó kà ní Ìtòkú lọ́jọ́ Monday, tí owó náà lé, ibẹ̀ náà ló ti máa tún fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìfẹ́ Olúwa.