Bí mo ṣe fi agolo sàdíìnì dí odò ní Kubwa

Ọmọ mi tó wà ní JSS 3 ló kó mi sí i. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan nípa Ogun Àgbáyé Kìíní, òun sì lọ mú Zeebrugge. Kubwa tí à ń gbé yìí rèé, omi tí a fi ń wẹ̀ gan-an, ọwọ́ mai ruwa la ti ń rà á.

Ní Bẹ́ljíọ̀mù, odò kan wà tí wọ́n gbẹ́ láti Bruges wá sí etí òkun ní Zeebrugge. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń gbà jáde. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1918, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun mẹ́ta tó ti gbó wá, Thetis, Intrepid àti Iphigenia. Wọ́n ti rọ sìmẹ́ńtì sínú wọn, kí wọ́n lè rì wọ́n sẹ́nu ọ̀nà náà.

Mo ní, "Kí ló le nínú kí ọkọ̀ rì?"

Mo kan pákó pọ̀, mo tẹ́ ọ̀rá dúdú sí i, mo da yanrìn sí i, mo wá la odò sáàárín. Agolo kìíní, mo rọ sìmẹ́ńtì kún un dé ìdajì. Bó ṣe kan omi báyìí, gbì! Kò tíì dé ẹnu odò. Ọmọ ní Thetis nìyẹn: òun náà kò dé ibi tí wọ́n rán an. Àwọ̀n tí wọ́n ta sínú omi há a ní ìdí, ó sì gúnlẹ̀.

Agolo kejì, ṣíbí sìmẹ́ńtì méjì péré. Mo fi ìṣó lu ihò kan sídìí rẹ̀, mo fi ṣingọ́ọ̀mù tí mo ti jẹ dí i, mo so òwú mọ́ ọn. Mo fa òwú. Omi wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, agolo forí sọlẹ̀, ó sùn gbọọrọ ní títọ́ odò, àyè sì ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Níbẹ̀ ni mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà le. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ihò méjì, òwú méjì. Ọmọ di ọ̀kan mú, mo di èkejì mú. "Dádì, ẹ kà á!" A jọ fà á. Ó rì pẹrẹsẹ, ó dábùú odò. A tún ṣe òmíràn sẹ́yìn rẹ̀. Igi ìgbálẹ̀ la fi ń darí wọn, kò sì sẹ́ni tó ń yìnbọn lù wá. Lóru ọjọ́ yẹn, ó lé ní igba Gẹ̀ẹ́sì tó kú.

Mo wá da omi kẹ́ẹ̀gì kan sí i láti òkè. Omi jẹ yanrìn ẹ̀gbẹ́ odò lọ, ìdérí bírò tí a fi ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi sì yọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Inú bí mi. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín: "Dádì, bó ṣe rí náà nìyẹn!" Òótọ́ ni. Àwọn ará Jámánì wó ẹ̀gbẹ́ odò, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà gba ìdí àwọn ọkọ̀ náà, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọkọ̀ wọn tún fi ń kọjá nígbà tí òkun bá kún.

Lójú tèmi, ó rọrùn fún ẹni tó ni omi láti dí i ju àlejò lọ. Nígbà tí Íjíbítì rì ọkọ̀ sínú Suez, odò tí wọ́n gbẹ́ nílẹ̀ tirẹ̀, ní 1956, ó di oṣù kẹrin 1957 kí ọ̀nà tó là.

Ọmọ ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Agolo kìíní, èyí tó wúwo jù, ìyá rẹ̀ ti fi ń dá ilẹ̀kùn kíṣìnì dúró.