Bí Òṣìṣẹ́ Tó Fara Pa ní Iléṣà Ṣe Lè Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ Láìpàdánù Owó NSITF

Bí máṣínì ìlagi bá gé òṣìṣẹ́ níka, ohun tí ará ilé sábà máa ń sọ ni pé kó rọra jókòó sílé: bí ìjọba bá gbọ́ pé ó ti ń ṣiṣẹ́, owó gbà-máà-bínú rẹ̀ á wọgbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2010 (Employees' Compensation Act) tí NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ń lò fàyè gba ẹni tó fara pa láti ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́ tó bá lè ṣe. Iṣẹ́ tí èèyàn fi pa mọ́ ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá. Ọjọ́ 14 lòfin fún yín láti fi tó o létí, ẹnu lásán ò sì ṣeé tọ́ka sí lọ́la. Gbólóhùn kan tó: «Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo ṣe ń ti pákó sẹ́nu máṣínì, ayùn gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi.» Ẹ fi orúkọ àti ọjọ́ sí i, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kó fọwọ́ sí ọ̀kan fún yín. Bó bá kọ̀, ẹ ya lẹ́tà náà ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Ọjọ́ 7 ni ọ̀gá náà ní láti sọ fún NSITF. Ibí ni «ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nínú ilé» ti ń wọlé. Bó bá san owó ọsibítù, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ̀dà tiyín lọ sí ẹ̀ka wọn ní Òṣogbo. Ọdún kan lẹ ní láti béèrè owó náà.

Bó bá jẹ́ egungun ló ṣẹ́, a mọ̀ pé ọ̀dọ̀ teguntegun lọkàn yín á kọ́kọ́ lọ. Ẹ dé ọsibítù Wesley Guild ná. Láìsí káàdì ọsibítù àti X-ray, kò sẹ́ni tó máa ka ìfarapa náà sí. Kí ọjọ́ inú káàdì sì bá ti inú lẹ́tà mu. Ọjọ́ kan péré tó bá yàtọ̀, ìbéèrè dé nìyẹn.

Ẹ má gba ìwé dókítà tó kàn sọ pé «ó lè ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́». Kó kọ ọ́ yanjú: kò lè gbé ju kílò 5 lọ, kò lè di irin mú pinpin, ṣùgbọ́n ó lè jókòó ka pákó, ó lè já rìsíìtì. Ìwé yẹn lẹ máa gbé lọ bá ọ̀gá láti béèrè iṣẹ́ mìíràn. Bó bá lé yín nítorí ọwọ́ yín nìkan, òfin ọdún 2018 tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ní owó ìtanràn fún un.

Ó wá ku ìṣirò. Ká ní ₦120,000 lẹ ń gbà lóṣù tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ tuntun ń mú ₦80,000 wá. ₦40,000 ló já. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ₦36,000, ni gbà-máà-bínú, àpapọ̀ ₦116,000. Bẹ́ ẹ bá wá jókòó sílé ńkọ́? NSITF lè wò ó pé ẹ lágbára àtipa ₦80,000 yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. ₦36,000 nìkan ló kù sí yín lọ́wọ́. (Ẹ̀yà ara tó lọ pátápátá tún ní àtẹ ìdá tirẹ̀ lẹ́yìn ìwé òfin náà.)

Bí owó oṣù bá yí padà, sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ kọ̀wé sọ fún wọn lóṣù yẹn gan-an. Kí orúkọ inú NIN, ti báńkì àti ti lẹ́tà iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn obìnrin tó ti gba orúkọ ọkọ ni èyí ń dá dúró jù. Ẹ tún wo ìwé owó oṣù yín: ọ̀gá ló ń san owó NSITF, kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára tiyín.

Bí NSITF bá ní kẹ́ ẹ padà wá, ẹ padà lọ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣe òṣómàáló láyé àtijọ́, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn, kì í dìde títí owó fi dé ọwọ́. Kẹ́ ẹ sì máa gba nọ́ńbà fáìlì yín àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá lọ. Àwọn ìwé yìí, ilé ni kẹ́ ẹ tọ́jú wọn sí, kì í ṣe ọ́fíìsì ọ̀gá.