Bí mo ṣe dín ìmọ́lẹ̀ DRL (iná iwájú tó ń tàn lójúmọmọ) ọkọ̀ mi kù, lẹ́yìn tí réwáyà ti gbowó òfo

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni mo san fún réwáyà, rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 10Ω, ìyẹn ohm mẹ́wàá, méjì péré ló sì so mọ́ wáyà. Ìmọ́lẹ̀ ò dín rárá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán mi lọ́nà Kọ́bapẹ́ ṣì ń ṣẹ́ fúúlù sí mi. Mo padà lọ bá a, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti wálẹ̀ o, ẹ ò kàn fura ni.” Mo fọwọ́ kan rẹ̀sísítọ̀ náà, kíá ni mo fa ọwọ́ mi kúrò, ó gbóná. Owó mi ló ń jó níbẹ̀.

Ẹ wò ó, àpótí kékeré kan wà lórí wáyà irú DRL yìí. Ṣíìpù tó ń díwọ̀n kọ́rẹ́ńtì fún LED ló wà nínú rẹ̀. PT4115 ni tèmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ìmọ́lẹ̀ má yẹ̀, ìbáà jẹ́ 12V ni bátìrì wà tàbí 14V. LED mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra ò fẹ́ ju bíi 9V lọ, nítorí náà bí 10Ω bá já fóltéèjì wálẹ̀ sí 11V, ṣíìpù á kàn fa kọ́rẹ́ńtì púpọ̀ sí i. Rẹ̀sísítọ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Mo dán 22Ω wò fúnra mi: ó dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹná mọ́tò báyìí ìmọ́lẹ̀ á ròkè, bí mo bá tan AC á rọlẹ̀. Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Rẹ̀sísítọ̀ pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n kọ R330 (ìyẹn 0.33Ω) sí lára, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìpù, ló yẹ ká pààrọ̀. Ẹ fi iye ohm rẹ̀ pín 0.1: 0.33Ω ń fún LED ní 0.3A (A ni ìwọ̀n kọ́rẹ́ńtì).

Àtidé ibẹ̀ ló gba ọ̀sán méjì lọ́wọ́ mi. Gọ́ọ̀mù dúdú ni wọ́n dà kún àpótí náà bámúbámú. Ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ fi gé e, mo sì gé etí kọ́ìlì, wáyà tín-ín-rín bí irun orí. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà, ó sì ṣiṣẹ́! Fún àpótí apá kejì, mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú gọ́ọ̀mù náà gbóná, mo wá ń fi igi ìtayín họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Irin kankan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

R680 (0.68Ω) ni mo wá kiri, àwọn tí mo bi ní Panṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, ò ní in. Gílóòbù LED ilé tó ti kú ni mo tú: 1Ω àti 2Ω wà nínú rẹ̀. Mo fi méjèèjì jó ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó di 0.67Ω, ìyẹn 0.15A. Ìdajì géérégé, àmọ́ ojú ò rí i bí ìdajì! Ó dà bíi pé díẹ̀ ló yọ. Mo yọ 2Ω kúrò, ó ku 1Ω nìkan, 0.1A, ibẹ̀ ló ti rọ̀ mọ́ mi lójú. Gílóòbù kejì ni mo tú fún apá ọ̀tún. Mítà tó ń ka nǹkan bíi 0.21A lẹ́nu wáyà tó ń bọ̀ láti bátìrì tẹ́lẹ̀ wá ń ka 0.08A, apá méjèèjì dọ́gba.

Ká ní mo mọ̀ ni, DRL tí wọ́n kọ àmì RL sí lára gíláàsì rẹ̀ ni mi ì bá rà látìbẹ̀rẹ̀. Òfin R87, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí DRL, ò jẹ́ kí irú ẹ̀ kọjá 1,200 candela (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀).

Ẹ yọ rẹ̀sísítọ̀ réwáyà dànù kí ẹ tó dé e padà. Ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù dí àpótí náà, kó gbẹ fún wákàtí 24 kí ẹ tó fọ ọkọ̀. Èmi ò dúró tó bẹ́ẹ̀, omi wọ apá òsì, mo sì tún padà sídìí igi ìtayín.